Ilé Ọba Tó Jó, àti Àwọn Tó Ti Wọ̀n Ọ́n Sílẹ̀

"Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i." Òwe yìí ló gba ẹnu ọ̀pọ̀ èèyàn kan ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, nígbà tí wọ́n ṣí ìlẹ̀kùn Kàtídírà Notre-Dame ní Paris padà lẹ́yìn ọdún márùn-ún àti oṣù díẹ̀. Àwòrán méjì ni wọ́n máa ń gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: nínú ọ̀kan, iná ń jó lala lórí òrùlé, nínú èkejì, inú ilé náà funfun báláú. Ẹni tó bá wò wọ́n á gbà pé òwe ò parọ́. Èmi náà ò sọ pé ó parọ́. Ṣùgbọ́n òwe náà yára jù fún mi. Ó fò láti orí eérú bọ́ sórí ẹwà, kò dárúkọ ẹni tó ṣiṣẹ́. Ilé tálákà náà ń jó, ẹwà kì í sì í sábà bù sí i. Kí wá ni ọba ní tí tálákà kò ní? Owó ni gbogbo wa á kọ́kọ́ dáhùn. Mo ti ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ yìí láti alẹ́ tí iná náà jó, ohun tí mo sì rí ni pé owó ló rọrùn jù nínú gbogbo ohun tí wọ́n wá.

Mo ń gbé ní Paris nígbà tó ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ Ajé Ọ̀sẹ̀ Mímọ́ ni, ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin ọdún 2019, ìrọ̀lẹ́ sì ti ń lẹ́. Èéfín tó ń jáde kò dúdú. Ó pọ́n rúsúrúsú, ó ń gba ojú ọ̀run lọ. Òjé wà nínú rẹ̀. Òjé ni wọ́n fi bo òrùlé náà àti ṣóńṣó gíga tó wà láàárín rẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì tó nǹkan bí 460 tọ́ọ̀nù. Àwa èrò dúró sí etí odò Seine àti lórí àwọn afárá. Àwọn ọ̀dọ́ kan kúnlẹ̀ sójú títì, wọ́n ń kọrin sí Màríà. Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago mẹ́jọ lù, ṣóńṣó náà tẹ̀, ó kán, ó sì wọlé lọ. Igbe tó jáde lẹ́nu wa kò ní èdè.

Lẹ́yìn náà la gbọ́ bí iná ṣe ráyè. Ẹ̀rọ tó ń fura sí èéfín ti ké ní nǹkan bí aago mẹ́fà kọjá ogún ìṣẹ́jú. Wọ́n rán ẹ̀ṣọ́ kan lọ wò ó, ṣùgbọ́n orí àjà ibòmíràn ló lọ, ti ilé kékeré ẹ̀gbẹ́ kàtídírà níbi tí àwọn àlùfáà ti ń wọṣọ. Kò rí nǹkan kan. Kí wọ́n tó mọ̀ pé abẹ́ òrùlé ńlá gan-an lọ̀rọ̀ wà, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì wákàtí, iná ti mú igi. Wọ́n fura sí wáyà mànàmáná, wọ́n fura sí sìgá. Wọn ò rí ẹ̀rí pé ẹnì kan mọ̀ọ́mọ̀ dá a.

Nǹkan bí 400 panápaná ló bá a jà. Ohun tó ba Ọ̀gágun Jean-Claude Gallet, olórí wọn, lẹ́rù jù lọ kì í ṣe òrùlé, torí òrùlé ti lọ. Ilé gogoro tó wà lápá àríwá ni. Agogo ńláńlá mẹ́jọ ló so mọ́ igi nínú rẹ̀. Bí igi yẹn bá jóná tí agogo sì já, wọ́n lè fa ilé gogoro náà wó, èyí náà á sì fa èkejì, gbogbo iwájú kàtídírà á di òkìtì. Àwọn kan nínú wọn gòkè lọ bá iná náà níbẹ̀, wọ́n sì pa á. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ lẹ́yìn èyí, orí àtẹ̀gùn yẹn ló ti ṣeé ṣe.

Ilẹ̀ mọ́, ògiri dúró. Àjà òkúta tó wà lábẹ́ òrùlé ti jìn níbi mẹ́ta, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ gba igi tó ń jó mọ́ra, kò jẹ́ kó já sílẹ̀. Fèrèsé róòsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà láìfọ́. Wọ́n ti gbé Adé Ẹ̀gún, èyí tí wọ́n gbà pé ó jẹ́ ti Jésù, jáde. Ère Màríà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó, òkìtì igi àti òkúta dé ẹsẹ̀ rẹ̀, kò kàn án. Àwọn ère bàbà 16 tó yí ṣóńṣó náà ká ńkọ́? Wọ́n ti fi kíréènì gbé wọn sọ̀kalẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́rin péré ṣáájú iná, wọ́n ń lọ tún wọn ṣe. Mo fẹ́ràn ọ̀kan nínú wọn, Tómásì Mímọ́. Ojú Viollet-le-Duc ló ní, àkítẹ́ẹ̀tì tó kọ́ ṣóńṣó náà ní ọdún 1859. Àwọn àpọ́sítélì yòókù ń wo ìlú. Òun nìkan ló kẹ̀yìn sí wa, tó gbójú sókè, tó ń wo iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Ó dára tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ náà wó.

Owó dé kí eérú tó tutù. Nígbà tí wọ́n ka gbogbo rẹ̀, ó tó nǹkan bí mílíọ̀nù 846 yúrò, láti ọwọ́ nǹkan bí 340,000 èèyàn ní orílẹ̀-èdè 150. Àwọn ọlọ́rọ̀ ilẹ̀ Faransé ń ju ọgọ́rọ̀ọ̀rún mílíọ̀nù sílẹ̀, èkíní ń sọ ó, èkejì ń lé e. Ààrẹ Macron sì lọ sórí tẹlifíṣọ̀n, ó ní láàárín ọdún márùn-ún ni wọ́n máa tún un kọ́. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún kan ọ̀mọ̀wé tó kọ lẹ́tà sí i pé kó rọra. Èmi náà rò pé ọ̀rọ̀ olóṣèlú ni.

Ibi tí owó dákẹ́ sí nìyí. Àwọn ará ibẹ̀ máa ń pe igi òrùlé Notre-Dame ní igbó. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ti wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹtàlá, igi óákù lórí igi óákù, nínú òkùnkùn, níbi tí àwọn olùbẹ̀wò kì í dé. Igi kọ̀ọ̀kan ní bó ṣe tẹ̀ síra, ibi tí wọ́n ti gbẹ́ ẹ wọ ara wọn, ibi tí káfíńtà àtijọ́ ti fi àmì sí i. Lóru ọjọ́ kan, gbogbo rẹ̀ di èédú. Bí o bá kó gbogbo yúrò ayé jọ síwájú èédú, kò ní sọ fún ọ bí igi kan ṣe wọnú èkejì.

Ṣùgbọ́n àwọn kan ti bi igi náà léèrè nígbà tó ṣì lè dáhùn. Àkítẹ́ẹ̀tì méjì, Rémi Fromont àti Cédric Trentesaux, ti gorí àjà yẹn, wọ́n sì ti wọn igi òrùlé náà, wọ́n yà á sórí ìwé. Ọdún 2014 ni wọ́n parí rẹ̀. Iná kò tíì jó, kò sẹ́ni tó ń kánjú, kò sí ìwé ìròyìn tó bá wọn débẹ̀. Nínú eruku ni wọ́n wà, wọ́n ń ta okùn ìwọ̀n láti igi kan sí òmíràn. Ní nǹkan bí ọdún 2010, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà kan, Andrew Tallon, ti gbé ẹ̀rọ lésà yí kàtídírà náà ká, tinú tòde, ó sì kó ojú àmì tó lé ní bílíọ̀nù kan jọ sínú kọ̀ǹpútà. Ohun tó ń wá ni pé báwo ni àwọn tó kọ́ ilé náà ṣe ronú. Ó kú ní oṣù Kọkànlá ọdún 2018. Oṣù márùn-ún lẹ́yìn ikú rẹ̀, ohun tó kó jọ di ohun tí gbogbo ayé ń bèèrè.

Mo máa ń ronú nípa àwọn mẹ́ta yìí ju àwọn olówó lọ. Bí ẹnì kan bá bi Tallon ní ọdún 2010 pé kí ni ìwúlò bílíọ̀nù kan ojú àmì lórí ilé tí kò lọ síbi kankan, mi ò rò pé yóò ní ìdáhùn tí á tẹ́ akápò lọ́rùn. Fromont ní tirẹ̀ padà wá di ọ̀kan lára àwọn àkítẹ́ẹ̀tì àgbà tó darí àtúnkọ́ náà. Ẹni tó fi ọwọ́ kan igi àtijọ́ ló dúró ti ìgbà tí wọ́n ń gbé ti tuntun sókè.

Kí wọ́n tó dé ibẹ̀, ọdún méjì gbáko ni wọ́n fi ní kí ilé náà má wó. Ṣáájú iná ni wọ́n ti to àgbékà irin yí ṣóńṣó ká fún àtúnṣe tó ń lọ lọ́wọ́. Nǹkan bí 40,000 páìpù irin ló wà nínú rẹ̀. Iná yọ́ wọn, wọ́n lẹ̀ mọ́ra wọn, wọ́n sì wà ní ìdorí kodò lókè àjà òkúta tó ti jìn. Bí wọ́n bá já, ohun tó kù náà á wó. Láàárín ọdún 2020 ni àwọn òṣìṣẹ́ so ara wọn mọ́ okùn, tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ sínú irin náà, tí wọ́n ń fi ayùn gé e ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àrùn Kòrónà ti dá iṣẹ́ dúró fúngbà díẹ̀ lọ́dún yẹn. Ní ọdún tó ṣáájú, òjé ló dá a dúró, torí májèlé ni, eruku rẹ̀ sì ti bo ibi gbogbo. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá wọ ibi iṣẹ́ gbọ́dọ̀ bọ́ṣọ, kó sì wẹ̀ kó tó jáde. Ní oṣù Kọkànlá 2020, irin tó yọ́ náà tán. Ọjọ́ yẹn ni mo gbà pé kàtídírà náà ò ní wó mọ́.

Àríyànjiyàn tó gba afẹ́fẹ́ jù nígbà yẹn ni ti ṣóńṣó. Macron ti ní òun ò kọ̀ kí wọ́n fi ohun ìgbàlódé sí i, ìjọba sì ti kéde ìdíje fún àwọn àkítẹ́ẹ̀tì gbogbo ayé. Àwọn èèyàn yàwòrán òrùlé gíláàsì, àwọn kan yàwòrán ọgbà, àwọn kan tiẹ̀ gbé odò ìwẹ̀ sórí òrùlé Màríà Wúńdíá. Philippe Villeneuve, olórí àwọn àkítẹ́ẹ̀tì náà, ní bó ti rí tẹ́lẹ̀ lòun máa kọ́ ọ tàbí kóun fi iṣẹ́ sílẹ̀. (Ọkùnrin yìí padà fín ṣóńṣó náà sí apá rẹ̀.) Ọ̀gágun Jean-Louis Georgelin, tí ìjọba fi ṣe olórí iṣẹ́ náà, dá a lóhùn níwájú àwọn aṣòfin pé kó pa ẹnu rẹ̀ mọ́. Ní oṣù Keje 2020, Villeneuve ló jàre: òjé, igi óákù, nǹkan bí mítà 96, bí Viollet-le-Duc ti yà á.

Inú mi dùn sí i, àmọ́ kì í ṣe torí pé ohun àtijọ́ ni. Ká sọ òótọ́, ṣóńṣó náà kì í ṣe ohun àtijọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ọdún 1163 ni wọ́n fi òkúta àkọ́kọ́ lélẹ̀ nígbà ayé Bíṣọ́ọ̀bù Maurice de Sully. Ṣóńṣó tí wọ́n kọ́ ní ọ̀rúndún kẹtàlá ti gbó, wọ́n sì ti tú u kúrò ní òpin ọ̀rúndún kejìdínlógún. Èyí tí a sunkún lé lórí, ẹni ọdún 160 ni, Viollet-le-Duc sì fi ojú inú ara rẹ̀ kún un. Kò da ti àkọ́kọ́ kọ. Nítorí náà "bó ti rí tẹ́lẹ̀" kì í ṣe ọ̀rọ̀ mímọ́ kankan. Ìdí tí mo fi fara mọ́ ọn ni pé ìwé rẹ̀ wà. Gbogbo ẹni tó ní òun máa fi gíláàsì ṣe é ń mú àlá wá. Villeneuve ń mú ìwọ̀n wá. Lórí ògiri tí iná ti jẹ, tí ẹnikẹ́ni ò mọ ẹrù tó ṣì lè gbé, ìwọ̀n ni mo fẹ́.

Àwọn kan ti sọ lẹ́yìn iná náà pé igi tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ kò sí ní ilẹ̀ Faransé mọ́. Igi wà. Nǹkan bí 2,000 igi óákù ni wọ́n gé káàkiri orílẹ̀-èdè náà, láti igbó ìjọba àti igbó aládàáni. Àwọn mẹ́jọ tó máa ru ṣóńṣó, igbó Bercé ni wọ́n ti wá, wọ́n sì ti lé ní igba ọdún. Wọ́n kánjú gé àwọn ti ṣóńṣó kí oṣù Kẹta 2021 tó parí, kí oje tó bẹ̀rẹ̀ sí í gun igi.

Lẹ́yìn igi ló kan ọwọ́. Àwọn àwòrán 2014 fi hàn pé àáké ni wọ́n fi gbẹ́ igi àkọ́kọ́, ní tútù, kì í ṣe ayùn. Ọ̀rọ̀ ẹwà nìkan kọ́. Ayùn máa ń gba àárín igi kọjá tààrà. Àáké ń tẹ̀ lé iṣan igi, bí igi bá tẹ̀, ó ń bá a tẹ̀, ìyẹn ló sì ń jẹ́ kí igi tẹ́ẹ́rẹ́ lè gbé ẹrù ńlá. Ta ló ṣì mọ̀ ọ́n ṣe ní ọdún 2020? Wọ́n wà! Ní Guédelon, ní Burgundy, àwọn kan ti ń kọ́ ilé olódi kan látọdún 1997 pẹ̀lú irinṣẹ́ ọ̀rúndún kẹtàlá nìkan, láìlo kíréènì, láìlo mọ́tò, torí kí wọ́n lè mọ bí àwọn baba ńlá wọn ṣe ṣe é. Àwọn káfíńtà tó gba ibẹ̀ kọjá wà lára àwọn tó gbẹ́ òrùlé Notre-Dame. Alágbẹ̀dẹ kan ní Alsace rọ àáké ọgọ́ta fún wọn, èyí tó bá irú àmì tí wọ́n rí lára igi àtijọ́ mu.

Mo wà nítòsí ní oṣù Kẹsàn-án 2020, nígbà tí ẹgbẹ́ káfíńtà kan gbé ẹyọ igi òrùlé kan tí wọ́n gbẹ́ bíi ti àtijọ́ sókè níwájú kàtídírà, kí aráàlú lè rí i. Okùn àti ọwọ́ ni wọ́n fi gbé e. Igi náà dún, ó gbọ̀n, ó sì dúró lójú ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn tó ń gbógun ti igi óákù nínú ìwé ìròyìn, tí wọ́n ní ká lo irin tàbí kọnkéré, ohùn wọn rẹlẹ̀ gan-an lẹ́yìn ọjọ́ yẹn.

Iná náà ṣí àwọn ohun kan tí kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ó wà. Nígbà tí àwọn òkúta tú síta, wọ́n rí ìdè irin láàárín wọn, ọ̀pọ̀ rẹpẹtẹ. Àwọn olùwádìí kéde ní 2023 pé láti àwọn ọdún 1160 ni àwọn tó kọ́ ilé náà ti ń fi irin so òkúta, ó sì lè jẹ́ kàtídírà àkọ́kọ́ nínú irú rẹ̀ tó lo irin tó bẹ́ẹ̀. Lábẹ́ ilẹ̀, ní 2022, wọ́n hú pósí òjé jáde, àti àfọ́kù ògiri ère tó pààlà ibi àlùfáà láti ọ̀rúndún kẹtàlá, ọ̀dà aláwọ̀ mèremère ṣì wà lára rẹ̀. Ìyẹn ni apá kan òwe náà tí mo lè fọwọ́ sí láìjanpata.

Georgelin ò rí ìparí iṣẹ́ náà. Ó kú lórí òkè Pyrénées ní oṣù Kẹjọ 2023, Philippe Jost sì bọ́ sípò rẹ̀. Wọ́n gbẹ́ orúkọ Ọ̀gágun náà sára igi ṣóńṣó tuntun, iṣẹ́ ọkùnrin tó ní kó pa ẹnu mọ́.

Ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá 2024, Bíṣọ́ọ̀bù àgbà Laurent Ulrich fi ọ̀pá rẹ̀ kan ìlẹ̀kùn náà. Ara igi òrùlé tó jó ni wọ́n ti ya ọ̀pá ọ̀hún. Nígbà tí mo wọlé lẹ́yìn ìgbà yẹn, funfun rẹ̀ dà mí láàmú. Kàtídírà tí mo mọ̀ ṣókùnkùn. Èéfín àbẹ́là àti eruku ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún ti wọ òkúta rẹ̀, òkùnkùn yẹn sì máa ń jẹ́ kí èèyàn rẹ ohùn sílẹ̀. Wọ́n ti fi oje rọ́bà kan tó ń lẹ̀ mọ́ òkúta bó eruku náà kúrò. Mo mọ̀ pé báyìí gan-an ni àwọn tó kọ́ ọ ṣe rí i, kò sì sí ẹ̀tọ́ tí mo ní láti bá wọn jiyàn. Síbẹ̀ ó gbà mí ní àkókò díẹ̀ lórí ìjókòó kí ara mi tó wálẹ̀. Dùùrù ló ràn mí lọ́wọ́. Fèrè rẹ̀ tó nǹkan bí 8,000. Iná kò kàn án, omi kò kàn án, ṣùgbọ́n eruku òjé wọnú gbogbo rẹ̀. Wọ́n tú u, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n tò ó padà, wọ́n sì fi oṣù mẹ́fà tún ohùn rẹ̀ ṣe lóru, torí ọ̀sán ni àwọn oníhámà ń ṣiṣẹ́.

Lókè òrùlé báyìí, ẹ̀rọ wà tó lè fọ́n omi wẹ́wẹ́ bí iná bá tún yọjú, wọ́n sì ti fi ògiri tí iná kò lè là kọjá pààlà láàárín ṣóńṣó àti òrùlé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì.

Owó tí wọ́n ná lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù 700 yúrò, nítorí náà owó kù, ó tó nǹkan bí mílíọ̀nù 140. Ara òkúta ìta ni wọ́n ń ná an lé lórí, ẹ̀yìn kàtídírà náà àti àwọn apá òkúta tó ti ògiri dúró. Kì í ṣe iná ló ba ibẹ̀ jẹ́. Ó ti ń jẹrà tipẹ́. Láti ọdún 1905 ni òfin ti sọ pé ìjọba ló ni ilé náà, ìjọ kàn ń lò ó ni, nǹkan bí mílíọ̀nù méjì yúrò ni ìjọba sì ń yọ sílẹ̀ fún un lọ́dún. Ní 2017, àwọn ọ̀rẹ́ kàtídírà náà dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n ń lọ tọrọ owó títí dé Amẹ́ríkà. Wọ́n ń fi àwòrán han àwọn olówó: ère tó ti já, tí wọ́n fi páìpù rọ́bà dí àyè rẹ̀, òkúta tó wó, tí wọ́n fi pákó dí ojú rẹ̀. Ohun tí wọ́n rí gbà kò tó nǹkan. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, iná jó, àwọn olówó sì rántí àdírẹ́sì.